Ikùn Tí Ọláyanjú Fi Du Ipò Alága

Ọláyanjú ò sanra rí láyé ẹ̀. Nígbà tó wà lọ́mọdé ní Ìgbó-Ọ̀pẹ, lọ́hùn-ún ní Òkè-Ògùn, bó bá bọ́ ẹ̀wù létí odò, eegun ìhà ẹ̀ làwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ fi ń kọ́ ìṣirò. "Ení, èjì, ẹ̀ta..." Wọ́n á kà á dé ẹ̀wá, wọ́n á ní kó dá mímí dúró díẹ̀ káwọn lè rí ìyókù kà. Ìgbálẹ̀ lorúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Nígbà tó dé Èkó, tó fi orí ru aṣọ kiri títí tó fi ní ṣọ́ọ̀bù tiẹ̀ lọ́jà Aswani, ó ní àkókò ẹ̀san ti dé. Ó jẹ iyán, ó fi ẹyin lé e, ó mu mílíìkì inú agolo, ó tún ra oògùn amúnisanra lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin ní Òṣòdì. Ó dà bí ìgbà téèyàn ń pọn omi sínú apẹ̀rẹ̀. Ó jẹun títí, ìgbálẹ̀ ò di odó.

Nítorí náà, nígbà tí Ọlọ́run fún òun àti Wàsílátù ìyàwó ẹ̀ ní ọmọkùnrin kan ṣoṣo, tí wọ́n sọ ọ́ ní Ọlámipọ̀sí, Ọláyanjú búra pé kò sẹ́ni tó máa ka eegun ìhà ọmọ yìí láyé. Ó sì mú ìbúra ẹ̀ ṣẹ. Nígbà tí ọmọ fi máa pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, ẹni tó bá fẹ́ rí eegun ìhà ẹ̀, àfi kó mú ṣọ́bìrì dání. Ikùn ọmọ náà ló ń kọ́kọ́ wọlé. Ikùn á jókòó tán, ọmọ á tó wá jókòó tì í. Ní Jakande Estate tí wọ́n ń gbé, tọmọdé tàgbà ló ń pè é ní Alága. Bó bá ń kọjá, àwọn géńdé á dìde fún un: "Alága, ìpàdé ti bẹ̀rẹ̀ o!" Inú Ọláyanjú á dùn ju ti ẹni tí wọ́n fi jẹ baálẹ̀ lọ. Ikùn tí Ọlọ́run fi dù ú, ó ti rí i gbà lára ọmọ.

Bí ọmọ bá ti iléèwé dé, ṣọ́ọ̀bù bàbá ẹ̀ ní Aswani ló ń gbà lọ tààrà. Àga gíga kan wà lẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀ tí ẹlòmíì kì í jókòó sí. Ọlámipọ̀sí á gun àga náà, ìgò mínírà tútù á wà lọ́wọ́ ọ̀tún, mítípáì á wà lọ́wọ́ òsì, ikùn á wà láàárín bí ọjà tí wọ́n pàtẹ. Àwọn oníbàárà tó ń kọjá á na ọwọ́ gbá a níkùn pẹ́ẹ́, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì yà wọlé. Ọláyanjú máa ń sọ pé àwọn ẹlẹ́gbẹ́ òun ń fi iná oríṣiríṣi polówó aṣọ, àmọ́ iná ìjọba á lọ, ikùn ọmọ òun kì í lọ.

Ẹ̀bi bàbá náà wá kọ́ ló pọ̀ jù. Níbi tí wọ́n ti tọ́ wa dàgbà, ọmọ tó bá sanra ni ẹ̀rí pé ilé ń tòrò, ọmọ tó bá sì rù, wọ́n á ní ìyá ẹ̀ lahun. Bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀. Wọn ò sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí ebi bá kúrò tán, tí oúnjẹ sì kọ̀ tí ò kúrò.

Ẹgbẹ́ kan wà tó ń jẹ́ Ẹgbẹ́ Ọmọ Ìgbó-Ọ̀pẹ, ẹ̀ka Ìsọlọ̀. Ọjọ́ Àìkú tó bá gbẹ̀yìn oṣù ni wọ́n ń ṣèpàdé nínú gbọ̀ngàn iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan. Àṣà kan sì wà tí wọ́n gbé wá láti ilé: ẹni tó bá fẹ́ ṣe alága ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ mú ọmọ ẹ̀ wá síwájú àwọn àgbà lẹ́ẹ̀mejì, lọ́jọ́ tó bá sọ ìfẹ́ ẹ̀ jáde, àti lọ́jọ́ ìdìbò gan-an. Ọmọ á dọ̀bálẹ̀, àwọn àgbà á wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ẹni tí ò bá lè bọ́ ilé ẹ̀, wọn ò ní gbé ẹgbẹ́ fún un.

Lọ́jọ́ tí Ọláyanjú sọ ìfẹ́ ẹ̀ jáde, Abórìṣàdé náà sọ tiẹ̀. Abórìṣàdé yìí ń ta àwọn ẹ̀yà ara mọ́tò ní Òṣòdì. Ẹlẹ́gbẹ́ ni òun àti Ọláyanjú láti kékeré. Òun gan-an ló máa ń ka eegun ìhà létí odò. Ikùn tiẹ̀ tóbi tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé àwòrán ló fi ń mọ irú bàtà tó wọ̀. Àmọ́ àwọn ọmọkùnrin ẹ̀ mẹ́ta tínrín bí igi ilá, bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń gbá láti àárọ̀ dalẹ́. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú àwọn àgbà. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́ fún wọn.

Ó kan Ọlámipọ̀sí. Ọmọ fi orúnkún kúnlẹ̀ ná, ó wá na ara síwájú. Ikùn kọ́kọ́ kanlẹ̀, orí ò kanlẹ̀, ẹsẹ̀ ò kanlẹ̀. Ló bá ń lọ síwá, ó ń bọ̀ sẹ́yìn, bí ọkọ̀ ojú omi tí ìgbì ń tì. Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín ayọ̀. Bàbá Ọmọ́ṣẹ̀yìndé, tó jẹ́ àgbà ẹgbẹ́, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè tipẹ́tipẹ́, fi ọwọ́ ara ẹ̀ gbé ọmọ dìde.

"Ọmọ yìí ò lè dọ̀bálẹ̀! Ọlá ò jẹ́!"

Ọláyanjú kọjú sí Abórìṣàdé. "Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ jẹ tìẹ, o jẹ tàwọn ọmọ mọ́ ọn. Wò wọ́n bí wọ́n ṣe rí bí ẹni tó ń gbààwẹ̀ ìyá wọn."

Abórìṣàdé ò rẹ́rìn-ín. "Ìgbálẹ̀," ó ní, "ikùn oníkùn lo fi ń ṣakọ."

Àwọn tó gbọ́ orúkọ náà ń bi ara wọn pé ta ni Ìgbálẹ̀.  Láti ọjọ́ náà lọ, ipò alága ti kúrò ní ohun tó wu Ọláyanjú, ó ti di ohun tó gbọ́dọ̀ gbà.

Nínú ilé, Wàsílátù ń ja ogun mìíràn. Ọrùn Ọlámipọ̀sí dúdú lẹ́yìn, ó nípọn, ó ń dán, bí àrán. Ìyá ẹ̀ ti fi kànìnkànìn àti ọṣẹ dúdú fọ ọrùn náà títí ọmọ fi ń pariwo, kò ṣí. "Ìdọ̀tí wo lèyí?" Ọláyanjú, ẹni tó mọ aṣọ, fọwọ́ kàn án, ó ní: "Fi sílẹ̀. Ọrùn ọlọ́rọ̀ ni." Àmọ́ èyí tó bẹ̀rẹ̀ sí í ba Wàsílátù lẹ́rù ni àtẹ̀gùn. Òkè kẹta ni wọ́n ń gbé. Ọmọ ò lè gùn ún dé òkè kejì mọ́ tí ò ní jókòó, kó máa mí hẹlẹhẹlẹ bí ajá tó lé ọ̀yà, kó wá gbá ìhà ọ̀tún mú pé ibẹ̀ wúwo. Ó tó ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tó ti sùn lọ lórí àtẹ̀gùn. Nígbà tó di ẹ̀kẹrin, Wàsílátù ò bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́, ó gbé e lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, wọ́n ya àwòrán inú ẹ̀, wọ́n ní kó lọ mú bàbá ọmọ wá.

Ọláyanjú múra bí ẹni tó ń lọ jà. Dókítà náà, obìnrin tí wọ́n ń pè ní Dókítà Tinúadé, fi téèpù yí ikùn ọmọ po níṣojú wọn. Ọláyanjú fi ojú télọ̀ wò ó, ó mi orí. Iye tó wà lórí téèpù yẹn, ṣòkòtò àgbàlagbà ló ń gbà.

"Ẹ̀yin òbí," dókítà ní, "ọ̀rá ti kún inú ẹ̀dọ̀ ọmọ yín."

Ọláyanjú bú sẹ́rìn-ín. "Ọ̀rá? Dókítà, ìyẹn náà ò wá dáa ni? Ẹran tó bá lọ́ràá ló ń dùn."

"Ẹran là ń jẹ, bàbá. Ọmọ yìí, a fẹ́ kó dàgbà ni." Ó gbé àwòrán náà sọ́dọ̀ wọn. "Tí wọ́n bá gbé èyí síwájú mi, tí wọn ò sọ ọjọ́ orí ẹni tó ni ín, màá ní ọ̀mùtí ni, ẹni tó ti ń mu ún láti ogún ọdún."

Ọláyanjú fò dìde. "Àsìtáfúrúlà! Mùsùlùmí ni wá o! Ọtí ò kan ètè ọmọ yìí rí! Ṣọ́ọ̀bù ọlọ́tí tó wà ní kọ̀rọ̀ ilé wa gan-an, ọ̀nà míì là ń gbà!"

"Ẹ fẹ̀dọ̀ lé orí òróǹro. Mi ò ní ọtí ló mu. Mo ní bí ẹ̀dọ̀ ẹ̀ ṣe rí nìyẹn. Kí ló ń jẹ láti àárọ̀?"

Wàsílátù bẹ̀rẹ̀ sí í kà á: tíì tó kún fún mílíìkì àti ṣúgà láàárọ̀, búrẹ́dì odindi pẹ̀lú ẹyin díndín, mínírà àti ṣíìnì-ṣíìnì fún iléèwé, mítípáì àti mínírà méjì ní ṣọ́ọ̀bù, ìrẹsì tó bá délé, dòdò lórí ìrẹsì, júúsì lórí dòdò. Bó ṣe ń kà á ni Ọláyanjú ń mi orí jẹ́jẹ́, bí ẹni tí wọ́n ń ki oríkì bàbá ẹ̀.

"Níbo ló wá ń sáré dé?"

"Sáré?" Ọláyanjú ní. "Ọmọ tí bàbá ẹ̀ ní mọ́tò?"

Dókítà Tinúadé gbé pẹ́ẹ̀nì sílẹ̀. Ó ṣàlàyé fún wọn bí ẹni tó ń bá ará ilé ẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní ikùn tí wọ́n ń wò níta yẹn, díẹ̀ ni lára ẹ̀. Ìyókù wà nínú, ó ti wé mọ́ ìfun, ó ti wọ ẹ̀dọ̀. Ó ní ohun dídùn tí ara ò bá lò, ẹ̀dọ̀ ló ń sọ ọ́ di ọ̀rá, á sì tọ́jú ẹ̀ pamọ́, títí yàrá á fi kún tí onílé ò ní ríbi jókòó. Ó ní ọ̀pọ̀ ọmọ kì í mọ̀ ọ́n lára rárá. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀, ẹ̀dọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í lé àpá, á máa gan, àtọ̀gbẹ náà sì lè wọlé wá bá a. Ọrùn tí wọ́n ń fọ̀, kì í ṣe ìdọ̀tí, ara ló ń fi ké sí wọn. Wàsílátù fọwọ́ bo ẹnu. Gbogbo ọṣẹ dúdú yẹn!

"Àmọ́ ẹ̀dọ̀ ọmọdé ń gbọ́ ìtọ́jú," dókítà ní. "Ẹ dá mínírà àti júúsì dúró, omi ni kó máa mu. Ẹ jẹ́ kó jẹ ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, ẹja. Èso ni kó jẹ, kì í ṣe omi èso inú páálí. Kó máa gbá bọ́ọ̀lù lójoojúmọ́, kó máa rìn. Ebi ò gbọdọ̀ pa á o, mi ò ní kí ẹ febi pa á. Ẹ padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́rin."

"Oògùn ńkọ́?"

"Òun náà nìyẹn."

"Àìsàn tí ò lóògùn," Ọláyanjú ń kùn bí wọ́n ṣe ń jáde, "ṣé àìsàn nìyẹn?" Ó ṣe díẹ̀ kó tó rántí. Oṣù mẹ́rin. Òun náà ló kù kí wọ́n dìbò: ọjọ́ Àìkú ni ìdìbò, ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e ni dókítà dá fún wọn. Ẹsẹ̀ ẹ̀ dúró gbọn-in láàárín ìloro. Bí ọmọ bá gbẹ kó tó di ọjọ́ ìdìbò, kí ló máa gbé síwájú àwọn àgbà? Abórìṣàdé á ní ìṣẹ́ ti wọlé dé. Ẹ wo bí ayé ṣe rí: wọ́n ní ẹ̀dọ̀ ọmọ ń ṣàìsàn, ìbò ni bàbá ń kà.

Wàsílátù ò ka ìbò kankan. Láti ọjọ́ kejì ló ti kó mínírà jáde nínú fíríìjì, ó sì gbé ìgò omi síbẹ̀. Ó ń sin ọmọ rìn lọ síléèwé, bó bá jáde, á sin ín rìn dé ṣọ́ọ̀bù bàbá ẹ̀. Nírọ̀lẹ́ á lé e lọ síbi táwọn ọmọ Estate ti ń gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n fi í ṣe gólì nítorí ikùn ẹ̀ ti dí ìdajì ojú ilé. Ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ikùn náà ò mira. Wàsílátù ò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ọláyanjú mọ̀ ọ́n. Ní gbogbo ọ̀sán, ní Aswani, lórí àga gíga, mínírà ń bẹ lọ́wọ́ ọ̀tún, mítípáì ń bẹ lọ́wọ́ òsì.

"Títí dìgbà ìdìbò péré ni," Ọláyanjú ń sọ fún ara ẹ̀. "Ẹ̀dọ̀ tó ti ń dúró láti ọjọ́ yìí, kí ni oṣù mẹ́rin máa ṣe fún un?" Ọ̀nà ọ̀fun lọ̀nà ọ̀run, àmọ́ òun tó ń ta aṣọ ò rí i pé ọ̀nà ọ̀fun ọmọ òun lòun dúró sí tí òun ń gba owó ibodè.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ṣí mínírà fún Ọlámipọ̀sí, ọmọ gbà á, kò mu ún. Ó ń wo ìgò náà bí ó ṣe ń tú ìfófòó.

"Mu ún kó má gbóná."

"Dádì," ọmọ ní, "tí ẹ bá wọlé ìbò yẹn, ṣé màá wá lè dáwọ́ mínírà dúró?"

 Ọláyanjú wo ọ̀tún, ó wo òsì, bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi tó ti ń jalè.

"Ìhà mi ló ń wúwo," ọmọ tún ní. "Mọ́mì ò mọ̀ pé mo ṣì ń mu ún. Mi ò sọ fún wọn. Ẹ̀yin lẹ ní kí n má sọ."

Ọjà ń lọ, ariwo ń lọ, obìnrin kan sì na ọwọ́ láti ẹ̀yìn, ó gbá ọmọ níkùn pẹ́ẹ́: "Alága wa!" Ọláyanjú gba ìgò náà lọ́wọ́ ọmọ, ó dà á sínú gọ́tà. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, nígbà tí wọ́n ń jẹun, ó gbé àga gíga náà wálé, ó ní kí Wàsílátù máa fi í sá aṣọ. Wàsílátù wò ó, kò bèèrè. Obìnrin tó bá gbọ́n máa ń mọ ìgbà tí ìbéèrè á lé ọkùnrin padà sínú igbó.

Ìgbà yẹn ni ikùn tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn padà. Kò yá, àmọ́ kò dúró. Ọmọ gun àtẹ̀gùn dé òkè kejì láì jókòó. Nígbà tó di oṣù kẹta, ó gùn ún dé òkè kẹta, ó tún sáré sọ̀kalẹ̀ láti wá sọ fún àwọn tó wà nísàlẹ̀ pé òun ti dé òkè. Wọ́n yọ ọ́ kúrò ní gólì, wọ́n fi í síwájú. Wàsílátù ń gba ìdí ṣòkòtò wọlé ní gbogbo ìgbà. Inú Ọláyanjú ń dùn, ojú sì ń tì í pé inú òun ń dùn, nítorí àwọn èèyàn ti bẹ̀rẹ̀.

"Ọláyanjú, ṣé ọjà ń tà ṣá?"

"Ẹ̀gbọ́n, bí nǹkan bá le, ẹ má pa á mọ́ra o, ọmọ ìyá ni wá."

Abórìṣàdé ò tiẹ̀ fi bò. Ó pè é lórí fóònù. "Ìgbálẹ̀, mo gbọ́ pé ìgbálẹ̀ ti bí ìgbálẹ̀."

Ọláyanjú jókòó ti àwọn aṣọ ẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Kò lè fún ọmọ ní mínírà mọ́, ó sì ń fẹ́ ipò alága. Ó fẹ́ pa ejò kí ọ̀pá má ṣẹ́. Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀, ojú ẹ̀ wá bọ́ sára òkìtì aṣọ gíní tó wà níwájú ẹ̀, àwọn tó nípọn, tó máa ń dúró ṣánṣán bí èèyàn bá wọ̀ ọ́. Ó rẹ́rìn-ín. Kí ni aláṣọ ń wá kiri tí aṣọ ò ní?

Lówùúrọ̀ ọjọ́ ìdìbò, ó ká gíní yáàdì márùn-ún, ó ká a rogodo, ó fi lé ọmọ níkùn, ó wá ohun tó máa fi dè é. Ọ̀já tí Wàsílátù fi pọn ọmọ náà nígbà tó wà ní kékeré ló bọ́ sí i lọ́wọ́. Ó fi yí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó so ó lẹ́yìn, ó gbé agbádá lé e. Ikùn Alága padà sípò. Ó tiẹ̀ yọrí ju tàtijọ́ lọ.

Wàsílátù yọ sí wọn lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo ọmọ, ó wo bàbá ọmọ.

"Bàbá Ọlámipọ̀sí. Ọ̀já tí mo fi pọ̀n ọ́n sẹ́yìn lẹ fi so aṣọ mọ́ ọn níkùn?"

"Òní nìkan ni. Mi ò fún un ní nǹkan kan jẹ o! Ẹ̀dọ̀ ẹ̀ ń bẹ bó ṣe wà."

"Ooru á mú un."

"Wákàtí méjì péré."

"Ó dáa," Wàsílátù ní. "Ohun tí ẹ bá dì, ẹ̀yin náà lẹ máa tú u." Ó kó gèlè sórí, ó bá wọn lọ, kì í ṣe nítorí ìbò o. Obìnrin náà ò fẹ́ kí wọ́n fi ẹnu ròyìn rẹ̀ fún òun.

Gbọ̀ngàn kún dẹ́nu. Abórìṣàdé jókòó sápá kan, ó wọ agbádá funfun, ikùn ẹ̀ jókòó lórí itan ẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n gbé lẹ́sẹ̀. Àwọn ọmọ ẹ̀ mẹ́ta ti dọ̀bálẹ̀, wọ́n ti sá jáde lọ gbá bọ́ọ̀lù. Nígbà tí Ọlámipọ̀sí wọlé, tí ikùn ṣíwájú, ìró kan gba inú ilé. Àwọn tó ti ń gbọ́ pé Ọláyanjú ti gbẹ ń wo ara wọn. Abórìṣàdé náà na ọrùn.

"Alága kékeré!" Bàbá Ọmọ́ṣẹ̀yìndé na ọwọ́. "Wá, wá kí wa, kí o máa yí bí àgbá fún wa."

Ọmọ kúnlẹ̀. Òógùn ń ṣàn lójú ẹ̀. Àṣìṣe tí Ọláyanjú ṣe rèé, òun tó gbọ́n: ó ṣe ikùn fún ọmọ, ó gbàgbé láti kọ́ ọ bó ṣe máa ń lò ó tẹ́lẹ̀. Ó ti lé lóṣù mẹ́ta tí ọmọ ti ń gbá bọ́ọ̀lù, ara ẹ̀ ti yá, kò tún rántí pé wọ́n ń rọra dọ̀bálẹ̀. Ó na ara ẹ̀ gbà! bí ọmọ Òkè-Ògùn tòótọ́. Ọ̀já já. Gíní gba abẹ́ agbádá jáde, ó ń tú, ó ń tú, yáàdì kan, yáàdì méjì, ó yí lọ títí ó fi kan bàtà Bàbá Ọmọ́ṣẹ̀yìndé, ó dúró.



Abórìṣàdé ló kọ́kọ́ rí ohùn. Ó dìde, ó pàtẹ́wọ́. "Ó bí! Ó bí o! Ẹ kú ewu ọmọ! Ọláyanjú, kí lo bí, akọ ni àbí abo?"

"Gíní ni!" ẹnìkan ké láti ẹ̀yìn. "Yáàdì márùn-ún, ìyá àti ọmọ wà láàyè!"

Ẹ̀rín ya lu gbọ̀ngàn. Àwọn ìyá ń fi gèlè nu omijé, ọkùnrin kan ti jábọ́ lórí bẹ́ǹṣì. Ọlámipọ̀sí dìde láàárín wọn, ó gbọn agbádá tó ti rọ̀ mọ́ ọn lára. Kò sunkún. Ó wo aṣọ nílẹ̀, ó wo àwọn àgbà.

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá," ó ní, "ẹ jẹ́ kí n tún un ṣe."

Ó dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Iwájú orí sún mọ́lẹ̀, àyà kanlẹ̀, ẹsẹ̀ nà gbọọrọ sẹ́yìn. Kò yí síwá, kò yí sẹ́yìn. Ẹ̀rín ń kú díẹ̀díẹ̀. Ó kọ́kọ́ kú níwájú, ó wá kú lẹ́yìn.

"Ọláyanjú," Bàbá Ọmọ́ṣẹ̀yìndé ní, "kí lèyí?"

"Kí ló máa jẹ́?" Abórìṣàdé gbà á. "Ṣọ́ọ̀bù ti gbẹ, ọmọ ti gbẹ, ó wá ń fi ọjà tí ò tà bo ihò mọ́lẹ̀."

Irọ́ mẹ́ta ló sáré dé ẹnu Ọláyanjú lẹ́ẹ̀kan náà. Àkọ́kọ́ ni pé ọmọ ń gbààwẹ̀. Èkejì ni pé gíga ló ń ga. Ẹ̀kẹta ló dùn jù: pé ẹnìkan tó ń du ipò alága ti fi oògùn mú ọmọ òun. Tó bá sọ ìyẹn, ìdajì ilé á gbè sẹ́yìn ẹ̀, wọ́n á da ojú Abórìṣàdé bolẹ̀, ipò á bọ́ sí i lọ́wọ́. Ó ti yanu tán. Ojú ẹ̀ wá bọ́ sára ọmọ tó ṣì dọ̀bálẹ̀ sílẹ̀, tó gbórí sókè díẹ̀, tó ń wò ó. Ojú tó fi bi í léèrè lọ́jọ́ ìgò mínírà yẹn ló fi ń wò ó.

"Ara ọmọ mi ò yá," Ọláyanjú ní. "Ọ̀rá ló kún ẹ̀dọ̀ ẹ̀. Èmi ni mo bọ́ ọ dé ibẹ̀. Ikùn tí ẹ pàtẹ́wọ́ fún lọ́jọ́sí yẹn, àìsàn lẹ pàtẹ́wọ́ fún. Ìyá ẹ̀ ló ń wò ó. Aṣọ yìí, èmi ni mo dì í."

Wàsílátù gbé ojú sókè fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀.

Ìyá kan ní iwájú tu tọ́ọ̀. "Èmi ò gbọ́ ọ rí! Sísanra ló tún ti di àìsàn báyìí? Kí ni rírù á wá jẹ́?"

Bàbá Ọmọ́ṣẹ̀yìndé fi ọ̀pá gbá ilẹ̀. Ó fọwọ́ pa irùngbọ̀n, ó gbé ohùn àgbà wá. "Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run nínú wọn. Ẹ̀kọ́ ńlá lèyí fún gbogbo wa. Ẹ má fi ikùn díwọ̀n ẹnikẹ́ni mọ́." Gbogbo ilé mi orí sí òwe náà, ó wọ̀ wọ́n lára. Bàbá wá gbé ọ̀pá sókè, ó nà án tọ Abórìṣàdé. "Ó yá. Ẹ dìbò. Èmi ti dì tèmi. Ẹ wo èèyàn bó ṣe rí, ẹ wo bó ṣe kún orí àga! Alága gbọ́dọ̀ ṣeé rí lókèèrè."

Bí wọ́n ṣe gbé Abórìṣàdé wọlé nìyẹn. Ọláyanjú ká gíní ẹ̀, ó fi há abíyá, ọmọ sì ní ẹsẹ̀ lòun fẹ́ fi rìn délé. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rìn. Ọmọ ló wà níwájú, ìyá tẹ̀ lé e, Ọláyanjú tó tínrín bí ìgbálẹ̀ ló ń mí hẹlẹhẹlẹ lẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n dé ìdí àtẹ̀gùn, Wàsílátù gba aṣọ náà lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹni tó bá mọ obìnrin náà mọ̀ pé ìyẹn pọ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, téèpù Dókítà Tinúadé yí ikùn Ọlámipọ̀sí po, ó fi ìbú ọwọ́ kan gbáko dín sí ti tẹ́lẹ̀. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ti ń dára, ẹ̀dọ̀ ti ń rí ààyè mí, àmọ́ ọ̀nà ṣì jìn, kí wọ́n má ṣe sọ pé ó ti tán. Ọrùn náà ti ń mọ́, láì lo ọṣẹ. Ọláyanjú kí dókítà títí, ó tún fẹ́ bèèrè oògùn, ó rántí, ó pa ẹnu dé.

Nígbà tí wọ́n jáde sí ìloro, níbi tí àwọn àgbàlagbà ti ń dúró de dókítà tiwọn, ọkùnrin gbọ̀ǹgbọ̀ kan jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó kẹ́yìn, ó fa fìlà wálẹ̀ dé imú, ó kọjú sógiri. Àmọ́ fìlà ò lè bo irú ikùn yẹn. Ọlámipọ̀sí ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Ó sáré lọ, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, sà."

Abórìṣàdé ṣí fìlà díẹ̀. Òógùn bò ó. Ó fọwọ́ gbá ìhà ọ̀tún mú, ọwọ́ náà ò sì kúrò níbẹ̀ nígbà tó ń sọ̀rọ̀.

"Ọláyanjú. Ọ̀rẹ́ mi. Jọ̀ọ́, ẹgbẹ́ ò gbọdọ̀ gbọ́. Ijọ́ kẹta rèé tí mo gorí àga, wọ́n á ní..."

Ọláyanjú jókòó tì í. Gbogbo ẹ̀gbin ọdún gbọọrọ, gbogbo eegun ìhà tí wọ́n kà létí odò, ló rọ́ wá sí i lórí ahọ́n. Ó gbé e mì. Ó tẹ ara ba fún un, ó fi 'ẹ' ọ̀wọ̀ bá a sọ̀rọ̀, bí ó ti yẹ kí ọmọ ẹgbẹ́ máa bá alága ẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Alága. Ohun tí dókítà bá ní kí ẹ ṣe, ẹ ṣe é, ikùn á fà sẹ́yìn. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fà, tí ìpàdé sì kù sí dẹ̀dẹ̀, ẹ ránṣẹ́ sí mi. Gíní yẹn wà nílé, mi ò tíì tà á. Ọ̀já nìkan ló já, Ìyá Ọlámipọ̀sí sì ti rán an."